Olùdáhùn Kẹrin

"Ẹ̀yin ọ̀gbẹ́ni yìí, kí lẹ ń wọ̀n?"

Ọkùnrin méjì ni wọ́n. Ọ̀kan mú ẹ̀rọ pélébé kan tó ń ta iná pupa bíńtín sára ògiri, èkejì ń tẹ nọ́ńbà sínú fóònù rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Àárín yàrá ìkàwé ńlá ni wọ́n dúró sí, yìnyín sì ń yọ́ lára bàtà wọn sórí ilẹ̀ pákó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti jókòó gbójú sókè.

Ragnhild Öberg kò kúrò níwájú wọn. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi jẹ́ ọ̀gá ilé ìkàwé yunifásítì Hagsvik, ó sì mọ̀ pé ènìyàn kì í déédéé wá wọn ilé onílé.

"Wọ́n ní ká wá wọn yàrá ni," ẹni tó mú fóònù wí. "Ògiri dé ògiri."

"Àwọn wo ló ní kẹ́ ẹ wá?"

"Ọ́fíìsì gíwá ni ìwé iṣẹ́ ti wá. Tiwa ni ká wọ̀n. Tí wọ́n bá ní ká lọ wọn ilé ìgbẹ́, a máa wọn ilé ìgbẹ́."

"Ẹ fo gbogbo pẹpẹ ìwé. Ẹ ò ka ọ̀kankan nínú wọn mọ́ ọn."

"Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, pé ká wọ̀n ọ́n bí ẹni pé òfìfo ni." Ó rí i pé ojú obìnrin náà yí padà, ó sì yára tọ́ka sẹ́nu ọ̀nà kí ọ̀rọ̀ lè gba ibòmíì lọ. "Igi tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn ńkọ́? Ta ló ni ín? Wọ́n ní a máa gbé òun náà kúrò tó bá yá."

Ìtì igi páìnì ni, ó ga tó èjìká ènìyàn. Ihò ìṣó ti pọ̀ lára rẹ̀ débi pé kò sí ibi tó ń dán níbẹ̀ mọ́, òòlù kan sì wà lórí ìkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Hagsvik gbọ́dọ̀ kan ìwé ìwádìí rẹ̀ mọ́ igi yẹn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gééré ṣáájú ọjọ́ tí yóò gbèjà rẹ̀, ní gbangba, kí ẹni tó bá fẹ́ ta kò ó lè ráyè kà á. Gíwá fúnra rẹ̀ kan tirẹ̀ mọ́ ọn ní ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn.

"Yunifásítì ló ni ín," Ragnhild wí. "Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Ìfura loògùn àgbà. Ragnhild padà sí ọ́fíìsì rẹ̀, kò tan iná, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Ibẹ̀ ló wà tó fi rí Joar, igbákejì rẹ̀, tó ń sọdá àgbàlá láti ilé tí ọ́fíìsì gíwá wà. Ó ń yára rìn, ó sì fi ọwọ́ kan di nǹkan mú sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ragnhild lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Níbo lo ti ń bọ̀?"

"Mo lọ mu kọfí."

"Kọfí ilé gíwá? Tí ìwọ fúnra ẹ ní ó ń rùn bí omi ìbọ̀sẹ̀?"

Joar rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Òǹgbẹ ló gbẹ mí," ó wí, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Joar, Ragnhild ló sì gbà á síṣẹ́. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ egungun ìbàdí Ragnhild, òun ló jókòó sórí àga rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, gbogbo ènìyàn ló sì yìn ín. Ragnhild náà yìn ín nígbà yẹn. Ó wá ń rò ó lọ́tọ̀ báyìí pé ó lè jẹ́ pé àga náà ti dùn mọ́ ọn jù láti dìde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni lẹ́tà dé sórí kọ̀ǹpútà gbogbo wọn. Gíwá, Torkel Lindhé, ń pe àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sí kọfí àti kéèkì ní aago méjì ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé kéèkì náà wá.

"Ọjọ́ìbí ta ni?" Majken béèrè. Majken ló máa ń jókòó sídìí tábìlì àbáwọlé, ó sì ti wà níbẹ̀ kí Ragnhild tó dé.

"Kò sẹ́ni tó ní ọjọ́ìbí," Ragnhild dáhùn.

"A ti kú nìyẹn." Majken bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Nígbà tí wọ́n máa pa ẹ̀ka èdè Jámánì rẹ́, kéèkì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá. Nígbà tí wọ́n máa lé àwọn tó ń se oúnjẹ, kéèkì ni. Aláwọ̀ ewé yẹn, tó ní òdòdó lórí. Èmi kì í jẹ ẹ́ níbi iṣẹ́ mọ́. Tó bá ṣe níbi ìsìnkú ni, ó kéré tán, ẹni tó kú kì í bá wa jókòó jẹ nínú ẹ̀."

"Ó lè jẹ́ pé inú ẹ̀ kàn dùn sí wa," Joar wí láti ìdí pẹpẹ ìwé.

"Ọkùnrin tí ò tẹsẹ̀ bọ ibí láti ọdún mẹ́rin? Joar, má sọ̀rọ̀ bí ọmọ ọwọ́."

Joar ni Ragnhild ń wò.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Ragnhild sọdá àgbàlá lọ bá Siv, obìnrin tó ń tọ́jú gbogbo ìwé àti lẹ́tà yunifásítì. Ní ilẹ̀ wọn, ẹnikẹ́ni ló lè wọlé láti ìta kó ní kí wọ́n fi ìwé ìjọba han òun, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ béèrè orúkọ onítọ̀hún tàbí ohun tó fẹ́ fi ṣe. Siv kì í fi òfin yìí ṣeré.

"Mo fẹ́ rí gbogbo ìwé tó kan ilé ìkàwé láti ìgbà ìkórè," Ragnhild wí.

"Mi ò gbọdọ̀ béèrè orúkọ yín."

"Siv, o mọ orúkọ mi."

"Mi ò mọ nǹkan kan."

"Ọjọ́ Àìkú lo jẹ ẹja nílé mi! Ìwọ àti ọkọ ẹ!"

"Ẹja náà dùn," Siv wí, kò rẹ́rìn-ín rárá. "Ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn." Ó lọ, ó sì gbé fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ kan dé. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ síwájú, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Àfikún ẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò wà ní kún rẹ́rẹ́, kò sí nílẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ béèrè ló gba ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi. Màá tẹ òmíì jáde lọ́la."

"Ẹnì kan ti wá béèrè fáìlì yìí? Ta ni?"

"Kì í ṣe pé mi ò gbọdọ̀ béèrè nìkan, Ragnhild. Mi ò gbọdọ̀ sọ pẹ̀lú."

Kò pọn dandan kó sọ. Ragnhild ti rí jákẹ́ẹ̀tì Joar.

Orí ìwé náà ni "Ojú tí Àwọn Aṣáájú fi ń Wo Ilé Ìkàwé". Obìnrin olùwádìí kan láti ìlú mìíràn ló ti fọ̀rọ̀ wá ènìyàn mẹ́fà lẹ́nu wò, kò dárúkọ wọn, nọ́ńbà ló fún wọn. Ragnhild jókòó ti ẹ̀rọ amúlé-móoru, ó ń kà á.

Olùdáhùn Kìn-ín-ní ní ilé ìkàwé ni ọkàn yunifásítì. Ragnhild mọ àwọn tó ń pè é ní ọkàn. Wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ. Olùdáhùn Kejì ní ibi tó dákẹ́ ni, ọmọ òun máa ń kàwé níbẹ̀. Olùdáhùn Kẹta ní òun kò lò ó rí, pé gbogbo ìwé ìwádìí inú jọ́nà tí òun bá fẹ́ ló wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

"Lọ́fẹ̀ẹ́!" Ragnhild pariwo. Siv gbójú sókè, ó sì tún gbé e walẹ̀. Ilé ìkàwé ló ń bá àwọn tó ni jọ́nà wọ̀nyẹn dúnàádúrà lọ́dọọdún. Òun àti Joar ló ń tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, wọ́n á sì tò ó kí ọ̀jọ̀gbọ́n lè kàn fi ìka kan tẹ kọ̀ǹpútà nínú ọ́fíìsì rẹ̀, kí ìwé ṣí fún un láìsí wàhálà. Wàhálà tí wọ́n gbà kúrò lọ́rùn onítọ̀hún ló jẹ́ kó rò pé kò sẹ́ni tó ń ṣe nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà ló dé ọ̀dọ̀ Olùdáhùn Kẹrin. "Ilé ìkàwé tó dára kì í ṣe ilé, kì í sì í ṣe ìwé," onítọ̀hún wí. "Ó yẹ kó dà bí omi ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó ń ronú páìpù nígbà tó bá ń mumi." Àbá gíwá ló tẹ̀ lé e. Wọ́n á kó àwọn ìwé lọ sí ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́yìn ìlú. Wọ́n á sọ yàrá ńlá di gbọ̀ngàn tí wọ́n á ti máa gba àwọn ilé iṣẹ́ lálejò. Òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án á di mẹ́rin. Kíkan ìwé mọ́ igi á dópin, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n á ti máa ṣe é. Gíwá sì kọ ọ́ sí ìparí pé òun kò dá a rò: "Gẹ́gẹ́ bí Olùdáhùn Kẹrin, tó mọ iṣẹ́ yìí dénú, ti sọ fún wa."

Tó mọ iṣẹ́ yìí dénú. Ragnhild fi ìka ka àwọn aṣáájú. Gíwá, igbákejì rẹ̀, àwọn ọ̀gá ẹ̀ka mẹ́ta: márùn-ún. Ẹni kẹfà ńkọ́? Ó wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà. Oṣù karùn-ún, ọdún méjì sẹ́yìn. Inú ilé lòun wà nígbà yẹn, tòun ti ìbàdí tuntun, Joar ló sì wà lórí àga. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ó ká fáìlì náà, ó sì ń dùn ún dé eegun pé ọmọ tí òun fà wọlé ló fẹ́ ti òun jáde.

Kí ó tó di ọ̀sán, gbogbo ilé ìkàwé ti gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé náà. Ragnhild ló sọ fún Majken, Majken kì í sì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́. "Olùdáhùn Kẹrin," Majken ń wí kiri pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́. "Ejò ni. Ejò tó ń sùn sínú ilé. Kí n sáà rí ojú ẹ̀." "Ejò gidi," Ragnhild náà wí. Joar gbọ́ ọ, ó bojú wolẹ̀. Ragnhild rí i tó bojú wolẹ̀, ó sì fi kún ẹ̀rí tó ti ní lọ́wọ́.

Ọjọ́rú ló pè é wọ yàrá ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ sí. Ariwo òòlù ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ọmọbìnrin kan tó kọ̀wé lórí ẹja odò ló ń kan ìwé rẹ̀ mọ́ igi, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń pàtẹ́wọ́.

"Ti ilẹ̀kùn," Ragnhild wí. "Nígbà tí mo wà nílé, ta ló jókòó sórí àga mi?"

"Èmi ni."

"Ta ni obìnrin olùwádìí yẹn wá fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò?"

Ragnhild fa ìwé yọ, ó sì kà á sókè, láti orí omi ẹ̀rọ dé páìpù. "Ìwọ lo sọ báyìí nípa ilé tí mo fà ẹ́ wọ̀? Nígbà tí wọ́n ní o kéré jù fún iṣẹ́ yìí, ẹnu ta ló gbèjà ẹ? Kí ni wọ́n ṣèlérí fún ẹ, Joar? Àga mi ni, àbí èyí tó ga jù ú lọ?"

"Ragnhild, dúró ná."

"Mi ò dúró! Mo rí ẹ lọ́jọ́ Ajé. Mo rí ohun tó o fi pamọ́ sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì."

"Àfikún ni." Ojú Joar ti funfun. "Mo gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé pé wọ́n ń bọ̀ wá wọn yàrá, mo bá lọ bá Siv. Èmi náà ń fura."

"Sí ta?"

"Sí ìwọ."

Ragnhild rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìbínú. Joar kò bá a rẹ́rìn-ín. Ó ṣí àpò rẹ̀, ó fa ìdì ìwé kan jáde, ó sì gbé e lé orí àwọn ìwé ìròyìn.

"Mo rò pé ìwọ àti Torkel ti jọ parí ẹ̀," ó wí. "Mo rò pé o fẹ́ fẹ̀yìn tì, kó o sì fi àwa sílẹ̀. Àná, nígbà tó ò ń bá Majken bú u, ni mo tó mọ̀ pé o ti gbàgbé. Ojú ewé kejìlélógójì. Èmi ì bá má fi hàn ẹ́."

Ragnhild ṣí i. Ọ̀rọ̀ Olùdáhùn Kẹrin ni, kún rẹ́rẹ́, bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde.

"Ìyá ìyá mi ní kànga kan lẹ́yìn ilé. Nígbà tí omi ẹ̀rọ dé, bàbá àgbà fi pákó bò ó, ó gbé ìkòkò òdòdó lé e, kò sì sẹ́ni tó sunkún kànga. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Kí wọ́n má rí wa, kí wọ́n má gbọ́ wa, kí omi ṣáà máa yọ. Ní ọdún mẹ́wàá sí i, kí la fẹ́ fi yàrá ńlá yẹn ṣe?"

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Ìkòkò òdòdó náà, aláwọ̀ búlúù ni, etí rẹ̀ kan ti kán. Àwọ̀ náà kò sí nínú ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n. Ọdọọdún, nígbà Kérésì, ló máa ń sọ ìtàn kànga yẹn fún gbogbo wọn tí wáìnì gbígbóná bá ti wọ̀ ọ́ lára.

Ó rántí báyìí. Oṣù karùn-ún, lórí ibùsùn, oògùn ìrora nínú ara rẹ̀, fèrèsé ṣí sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kò ti sẹ́ni tó béèrè èrò rẹ̀ lórí ohunkóhun ju pé ṣé ó ti jẹun. Fóònù dún. Ọmọbìnrin kan tó lóhùn dídùn ní òun ń bá àwọn aṣáájú yunifásítì sọ̀rọ̀, ṣé ọ̀gá ilé ìkàwé náà kò ní í bínú? Aṣáájú! Ragnhild dìde jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ níbi àpérò àwọn ọ̀gá ilé ìkàwé, níbi tí olúkúlùkù ti ń fẹ́ fi hàn pé òun kọ́ ni ará àtijọ́ tó fẹ́ràn ìwé jù. "Èyí wúlò gan-an," ọmọbìnrin náà ń wí, òun náà sì ń fi kún un. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó mu oògùn, ó sùn. Kò rántí rẹ̀ mọ́.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ragnhild jókòó lé orí àwọn ìwé ìròyìn. Ohun tó dùn ún jù ni pé kì í ṣe ẹnu lásán. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe darí ilé náà fún ọdún mọ́kàndínlógún. Òun ló ní kí wọ́n yọ orúkọ ilé ìkàwé kúrò lórí ojú kọ̀ǹpútà tí jọ́nà ti ń ṣí, nítorí pé ó ń gba àyè. Òun ló kọ́ gbogbo wọn láti máa ṣiṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́; òun ti dákẹ́, ó sì pe ìdákẹ́ náà ní ọgbọ́n.

"Joar," ó wí nígbẹ̀yìn. "Mo bú ẹ. Má bínú."

"Èmi náà ti bú ẹ nínú mi láti ọjọ́ Ajé. Ó ti dọ́gba." Joar jókòó tì í. "Gbọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Kò sí orúkọ níbẹ̀, àfikún yìí ò sì dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́la, bá wọn bú Olùdáhùn Kẹrin. Sọ pé òpè ni, sọ pé kò mọ iṣẹ́. O mọ bí wọ́n ṣe ń jà."

"Torkel mọ̀. Òun ló kọ ọ́ pé ẹni náà mọ iṣẹ́ yìí dénú."

"Wọ́n ṣèlérí àṣírí. Kò lè dárúkọ ẹ."

"Ìdí tó fi yàn án nìyẹn!" Ragnhild lu ìwé náà. "Nínú ẹni mẹ́fà, tèmi ló yàn. Ó mọ̀ pé mi ò lè bá ọ̀rọ̀ ẹnu ara mi jà. Tí mo bá bú u, ó máa wò mí, ó máa rẹ́rìn-ín, màá sì jókòó."

"Tó o bá sì jẹ́wọ́, Majken ò ní bá ẹ sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Iṣẹ́ ẹ̀ wà nínú àwọn márùn-ún tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́."

"Mo mọ̀," Ragnhild wí.

Kò sùn dáadáa, kò sì pinnu nǹkan kan. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ṣe ẹ̀dà ojú ewé kejìlélógójì, ó ká a sí méjì, ó sì fi í sínú àpò súwẹ́tà rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò túmọ̀ sí nǹkan kan, pé òun kàn fẹ́ kó wà níbẹ̀ ni.

Kéèkì náà dé ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú méjì. Ó jẹ́ aláwọ̀ ewé, òdòdó sì wà lórí rẹ̀. Majken wo Ragnhild bí ẹni tó ń wí pé mo sọ fún yín. Torkel Lindhé gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì kékeré nínú yàrá ńlá, ó sì da kọfí fún gbogbo wọn lọ́wọ́ ara rẹ̀. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni, súwẹ́tà rẹ̀ dára, ó rántí orúkọ gbogbo wọn àfi ti ẹnì kan. Ó ní ilé ìkàwé ni ọkàn yunifásítì.

"Ó ti mú ọ̀bẹ," Majken sọ sínú ife rẹ̀.

Torkel sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ilé ìkẹ́rùsí ẹ̀yìn ìlú, gbọ̀ngàn, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rin. Ó ní kò sí ohun tí wọ́n ti fọwọ́ sí, pé wọ́n á bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ bí òfin ṣe wí, pé ìgbìmọ̀ aláṣẹ ni yóò pinnu. "Ẹ má rò pé èmi ni mo jókòó dá èyí rò," ó wí. "Mi ò mọ iṣẹ́ yín. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ ló sọ ọ́." Ojú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Ragnhild, ó dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. "Ragnhild, ṣé wàá sọ nǹkan kan?"

"Kí ẹni náà jáde síta!" Majken kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Olùdáhùn Kẹrin yẹn! Kó wá jókòó síbí, kó jẹ kéèkì, ká rí ojú ẹ̀!"

"A ṣèlérí àṣírí fún wọn, Majken," Torkel wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "A ò lè dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Joar mi orí díẹ̀ sí Ragnhild, pé má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ba Ragnhild, ká má parọ́. Ó gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀.

"Ọjọ́ wo ni ìgbìmọ̀ máa jókòó?"

"Òní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gééré?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ló dé?"

Ragnhild dìde. Ìbàdí rẹ̀ ń dùn ún bó ṣe máa ń dùn ún tí òtútù bá mú. Ó rìn kọjá àwọn pẹpẹ ìwé dé ẹnu ọ̀nà, ó fa ìwé yọ nínú àpò rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì Majken, ó sì fi bírò kọ ìlà kan sísàlẹ̀ rẹ̀. Ó mú ìṣó kan nínú agolo tó wà lẹ́sẹ̀ igi. Ó yọ òòlù kúrò lórí ìkọ́. Àwọn ènìyàn ló ti wò tí wọ́n ń ṣe é, bí irinwó, òun fúnra rẹ̀ kò kan nǹkan kan mọ́ igi yẹn rí. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan, ìṣó náà wọ́. Ó mú òmíràn. Ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wọlé.

Gbogbo yàrá gbọ́ ọ. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó jókòó nítòsí pàtẹ́wọ́, nítorí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí ìṣó bá ti wọlé. Wọ́n rí ojú rẹ̀, wọ́n sì dẹ́kun.

Majken ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ó wọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ka kànga, ó ka ìkòkò òdòdó, ó ka yàrá ńlá. Lẹ́yìn náà ló ka ìlà tí wọ́n fi bírò kọ: "Èmi, Ragnhild Öberg, ni Olùdáhùn Kẹrin. Èmi ni mo sọ èyí. Èmi náà ni mo kọ́kọ́ ta kò ó."

"Ìwọ?"

"Èmi."

"Mo pè ẹ́ ní ejò. Lójú ẹ. Ìwọ náà pè é ní ejò."

"Mi ò rántí pé èmi ni, Majken. Kì í ṣe àwáwí. Bí mo bá tiẹ̀ rántí, mi ò mọ̀ bóyá màá sọ."

Torkel ti dé lẹ́yìn wọn, ife kọfí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ragnhild, èyí ò sí nínú ètò," ó wí. "Kò ní àyè kankan nínú ìpàdé ìgbìmọ̀."

"Ó wà lórí igi, Torkel. Gbogbo ayé ló láṣẹ láti kà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n sì wá bi mí ní ìbéèrè. Ìwọ náà. Ibí yìí náà lo kan tìẹ mọ́." Ó tọ́ka sí ìwé náà. "Ọ̀rọ̀ mi lo gbé ilé lé. Mo ti yọ ọ́."

Torkel tẹ ara wá síwájú láti kà á, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ẹnu ọ̀nà ń fẹ́ ìsàlẹ̀ ìwé náà sókè, kò jẹ́ kó rí ìlà tó kẹ́yìn. Ragnhild fẹ́ gbé òòlù padà sórí ìkọ́. Ọwọ́ kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìṣó kan ò lè mú un," Majken wí, kò wo ojú rẹ̀. Ó mú ìṣó kejì nínú agolo, ó fi àtàńpàkò tẹ ìsàlẹ̀ ìwé náà mọ́ igi, ó sì kàn án.